Àìlera Tí Kò Lo Ọ̀pá

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 41 ni mí, abiyamọ, Ìtòkò nílùú Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òǹkàwé yín kan kọ̀wé pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí ti sọ ẹ̀rù di àìsàn, pé kí ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ọkọ mi ló kà á sí mi létí láàárọ̀ Sátidé. Bó ṣe ń kà á ló ń wò mí lójú, bóyá màá sunkún. Mi ò sunkún. Mo ti gbọ́ èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ìyá tó bí mi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí, torí mo níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan yìí dé.

Kaṣíà ni mí fún ọdún mẹ́sàn-án, nílé iṣẹ́ aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, èrò tò láti iwájú kọ́ńtà mi dé ẹnu géètì. Mò ń ka owó fún bàbá kan, ni ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àyà mi ń lù kìkìkì, etí mi di, òógùn bò mí nínú yàrá tó tutù. Mo gbà pé ikú ló dé. Wọ́n sáré gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n lọ sinmi. Kò sí nǹkan kan! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé lọ́jà Kútọ̀ níbi tí mo ti ń ná tòmátì, mo sì fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ sá lọ. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, mi ò lè dá jáde nílé mọ́.

Àwọn tó ń sọ pé kí n mọ́kàn le kò mọ bó ṣe ń ṣe ni. Kò sí ohun kan pàtó tí mò ń bẹ̀rù. Bí jìnnìjìnnì yẹn ṣe máa tún dé ni mò ń bẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn náà ló sì ń pè é wá.

Ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé orúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìlú wa, ti di èébú lẹ́nu wa. Bí ọmọdé bá ṣe ohun tí kò yé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní Aro ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ohun tó yẹ ká máa fi yangàn mà ni. Ọmọ ìlú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Aro ká ní àwọn ọdún 1950, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa bá èèyàn gbé lálẹ́ bí ọmọlúàbí yòókù. Síbẹ̀ èébú yẹn ló lé èmi tí mi ò lè wọ kẹ̀kẹ́ dé Pánṣẹ́kẹ́ wọ ọkọ̀ elérò lọ sí ìlú mìíràn, ká tó lè rí ilé ìwòsàn ìjọba tí ará àdúgbò kò ti ní rí mi. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí a fi dé. Dókítà tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń ṣe mí fún mi: àìsàn ìpayà. Pẹ̀lú oògùn àti ìjókòó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó dínkù. Kò tán.

Dókítà náà kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi. Ohun méjì péré ló tọrọ: kí wọ́n gbé mi kúrò ní kọ́ńtà lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì yọ̀ǹda àárọ̀ kan fún mi lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹni kan tiẹ̀ ń fipò sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn náà lóṣù yẹn. Ọ̀gá ka ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó ní: “Màdáámù, kaṣíà la gbà yín fún. Bí ẹ ò bá lè jókòó síwájú èèyàn mọ́, ẹ kọ̀wé, ká má baà jọ fa ọ̀rọ̀.” Mo kọ ọ́. Oṣù Igbe ọdún 2023 nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí jù. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan náà ni Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ ti ọdún 2021, èyí tó rọ́pò òfin àwọn asínwín tó ti wà nílẹ̀ látayé òyìnbó. Òfin tuntun náà ní wọn ò gbọdọ̀ yà wá sọ́tọ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ, ì báà ṣe nídìí iṣẹ́ tàbí nídìí ilé gbígbé. Kó tó dìgbà yẹn, òfin ọdún 2018 tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀ ti wà, ó sì ka àìlera ọpọlọ tó bá pẹ́ lára èèyàn mọ́ ti ojú, ti etí àti ti ẹsẹ̀. Ìtanràn ₦1,000,000 ló wà fún ilé iṣẹ́ tó bá rú u. Bí ẹnì kan ló bá rú u, ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èmi ò mọ̀. Mo sì gbà pé ọ̀gá mi náà kò mọ̀. Obìnrin kan tó máa ń bá àwọn aláìsàn yanjú ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́ wọn nílé ìwòsàn ló la ojú mi, ọdún kan lẹ́yìn tí mo ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ó ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí akanda ẹ̀dá. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn fún kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, ó dára, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni gbọ̀ngàn kan wà tí èrò kún fọ́fọ́, fèrèsé kan ṣoṣo, ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ mí síta. Nígbà tó kàn mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wò mí látòkè délẹ̀. “Mọ̀mí, kí ló ṣe yín? Ẹ ò lo ọ̀pá, ojú yín sì ríran.” Èmi náà bojú wo ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe ọmọ burúkú o, ó fún mi lómi mu. Ó kàn ní òun ò mọ abẹ́ èwo lòun máa kọ mí sí ni.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin ti kà wá mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ìlà àti fèrèsé ló wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn tó lọ sídìí rẹ̀. Wọ́n ní kí n pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́ lè gbà á ṣe. Ẹni tí kò lè jókòó síwájú oníbàárà, ṣé iwájú adájọ́ ló máa wá dúró sí? Òfin 2018 ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá akanda ẹ̀dá lóhùn níbi tí èrò bá tò sí, àmọ́ mo ní láti tò kí n tó gba ìwé tó máa sọ pé kí n má tò. Òfin kan náà ní ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹni tó ní àìlera ọpọlọ nílé ìwòsàn ìjọba. Mo ṣì ń tọ́jú rìsíìtì oògùn mi sínú agolo bísíkíìtì.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Òfin 2018 yẹn fún dókítà láyè láti kọ ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀ tí kò ní ju 180 ọjọ́ lọ, bí àìlera náà bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, kó kọ̀wé sí àjọ àwọn akanda ẹ̀dá fún èyí tó máa wà títí. Kí àwọn dókítà máa kọ ọ́ níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú, kí ìwé náà máa bá fóònù tàbí ìfìwéránṣẹ́ lọ, kó má jẹ́ pé àwa la óò gbé e kiri. Kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìpayà àti ìsoríkọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹn gan-an, kí ọmọ tó wà nídìí tábìlì lè rí ibi tó máa fi àmì sí.

Ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Àwọn ìbejì mi ṣì ń lọ síléèwé ládùúgbò. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ orúkọ òfin méjèèjì kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n padà wá sí ọ́fíìsì yẹn. Mo fẹ́ gé e nínú ìwé ìròyìn kí n mú un dání, nítorí bí àyà mi bá tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà, mi ò ní lè sọ̀rọ̀. Màá kàn nà án sí ọmọ tó wà nídìí tábìlì ni.

Ìyá Ìbejì,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta