Ta Ni Yóò San Owó Gààrí Mi?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni tó ní kí àwa Kristẹni dìde, kí ìjọba ti gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n pa, nítorí Jésù ní òun wá kéde ìdásílẹ̀ fún àwọn ìgbèkùn. Lúùkù 4 ló gbára lé, mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó lọ sọ ọ́ létí àwọn tí ajínigbé ti kó wọgbó rí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin, kó gbọ́ èsì. Irú àwọn ajínigbé yẹn, kí ilẹ̀kùn wọn wà ní títì.

Gààrí ni mo ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Alábàárù kan tó máa ń bá mi gbẹ́rù jí àpò gààrí mi, ó tà á. Adájọ́ ní kó san owó ìtanràn tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò lówó, ó lọ. Tó bá tiẹ̀ rí owó náà san, àpò ìjọba ló ń lọ. Èmi tí mo ni gààrí, kọ́bọ̀ kò kàn mí. Àwa ìyá ìjọ sì máa ń gbé ọṣẹ àti gààrí lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ wò ó, ó jí gààrí mi, mo tún ru òmíràn lọ bá a!

Ẹ́kísódù 22 kò ní kí wọ́n ti olè mọ́lé. Màlúù márùn-ún ni yóò fi dípò ọ̀kan, àgùntàn mẹ́rin dípò ọ̀kan. Sákéù agbowó-orí náà, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó fi èrú gbà ló ní òun máa dá padà. Fáráò, Hẹ́rọ́dù, àwọn Filístínì tó fi Sámúsónì lọ ọlọ, àwọn wọ̀nyẹn ló ń kó èèyàn sẹ́wọ̀n. Nínú òfin Mósè, ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì àti ẹni tó ṣẹ́gi lọ́jọ́ ìsinmi ni mo rántí pé wọ́n há mọ́, ìdájọ́ ni wọ́n sì ń dúró dè. (Ìgbẹ̀yìn wọn kò dára, mo mọ̀, ẹ má fi ìyẹn mú mi.) Ṣùgbọ́n lóde òní, ó ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà lọ tí wọn kò tíì gbọ́ ìdájọ́ rárá, àwọn míì fún ọdún gbọọrọ.

Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ àjọ ẹ̀wọ̀n padà fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ó sì fàyè gba kí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó yanjú ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí adájọ́ kò ní kí ọmọ yẹn máa ru ẹrù fún mi, kí n máa yọ owó mi díẹ̀díẹ̀?

Ìkórè ìjọ wa ń bọ̀. Mo ti dá a lábàá pé kí á yọ nínú owó rẹ̀, kí á fi san ìtanràn àwọn tí owó kékeré há mọ́ ẹ̀wọ̀n. Àlùfáà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Akápò ti ń fajú ro. Bí ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà bá wà nítòsí, kó mú tirẹ̀ wá.

Èmi ni,
Ìyá Onígààrí,
Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.