Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Rí ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Èsì ìdánwò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ọjọ́ ìwọlé sáà kẹta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìrìn-àjò tí àwọn ọmọ SS1 lọ sí Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́-Ilé, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Old Oyo National Park, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ni ọmọ fẹ́ kọ́ nínú igbó tí kò sí nínú ìwé.

Ní sáà kìíní, a bi àwọn ọmọ pé níbo ni Aláàfin ń gbé nígbà tí Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Benin òde òní, ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé ibi tí ààfin wà lónìí ni. N kò bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Ta ni ìbá kọ́ wọn? Ọ̀yọ́ tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó ní Àgọ́-Ọjà, lẹ́yìn tí ogun ti tú Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1835. Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, níbi tí Aláàfin ń gbé nígbà náà, wà lápá òkè, nínú ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991.

Olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ báyọ́lọ́jì la jọ rán lọ, mo sì dúpẹ́ pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ìtàn ń ṣàlàyé bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣe ń jagun, ọmọbìnrin kan béèrè pé èéṣe tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Oǹdó kò fi gun ẹṣin jagun bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ló dáhùn. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tsetse. Ó fẹ́ràn ibòji igbó kìjikìji, kòkòrò àìlèfojúrí tó ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń pa ẹṣin. Ní ọ̀dàn, níbi tí igi ti fọ́n ká, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin tí wọ́n ń rà láti òkè Ọya fi lè gbé Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń bi mí ní ìbéèrè lójoojúmọ́.

Ẹranko tí wọ́n rí kò pọ̀: ọ̀wọ́ ọ̀bọ kan, àti ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ. Àwọn kan fajú ro. Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ kan èèpo igi emi, tí a ti ń rí òrí, wọ́n sì rí bí ó ṣe nípọn tó tí iná ìgbẹ́ fi ń jó koríko yí i ká láì pa á. Wọ́n dúró lórí ebè gìrìwò kan, wọn kò mọ̀ pé odi ìlú ni, àfi ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ọgbà sọ fún wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́. Òjò ọdún pípẹ́ ti fọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Ìrìn-àjò SS2 tó yẹ kó wáyé ní sáà tó ń bọ̀, a ti sún un sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé rìn nígbà òjò. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ tàbí agbófinró bá sọ pé kí a má wá, a kò ní lọ. Owó yín yóò padà sọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ sì fi oògùn rẹ̀ rán an.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àpáàdì pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n fín lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò ní ọnà. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà gan-an ló ń sọ fún àwọn onímọ̀ pé ilé ìdáná ni tàbí ààtàn. Bí a bá ti gbé e kúrò, ó ti di àfọ́kù lásán. A gbọ́ pé ọmọ kan fi ọ̀kan sínú báàgì. Ẹ bá wa wo báàgì àwọn ọmọ. Ẹni tó bá rí i, kó mú un wá sí ọ́fíìsì mi. N kò ní jẹ ọmọ náà níyà. Èmi fúnra mi ni n ó dá a padà.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé