Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa takisí ní Philadelphia

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ìyàwó yín ní kí n kọ ìpínrọ̀ kan sínú ìwé ìrántí ọdún kan ikú yín, kí n sọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn béésìbọ́ọ̀lù tó. Mo jókòó tì í títí, èyí tó jáde kò ṣeé tẹ̀ síbẹ̀.

Pythian lẹ fẹ́ràn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Èrò tó bá wọ ọkọ̀ yín kọjá City Hall, ẹ ó nawọ́ sí ère Octavius Catto tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2017: tíṣà ni, òun ni balógun Pythian, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tí kò gba kọ́bọ̀ lórí eré náà. Ẹ ó ní ní oṣù kẹsàn-án 1869, wọ́n pàdé Olympic, ẹgbẹ́ òyìnbó, Olympic sì fi 44 sí 23 na Pythian. Ẹ ó ní "Ẹ dúró ná!", ẹ ó wá rẹ́rìn-ín kí ẹ tó sọ pé kò pẹ́ tí Pythian fi 27 sí 17 na City Item, òyìnbó náà ni wọ́n. Ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n yìnbọn pa Catto ní 1871, ẹgbẹ́ náà sì túká.

Ṣùgbọ́n Harrisburg ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1867, Pythian kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wọ àgbáríjọ ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó ṣèpàdé ní Harrisburg. Àwọn tó wà nípàdé gba aṣojú Pythian níyànjú pé kó fa ìwé náà padà, kí wọ́n má baà dìbò kọ̀ wọ́n lójú ayé. Ó fà á. Kí ọdún tó parí, àgbáríjọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè fòfin dè é: ẹgbẹ́ tó bá ní aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọlé.

Mo bi yín nínú ọkọ̀ pé kí ló dé tí Pythian ò jẹ́ kí wọ́n dìbò náà, kójú ó rí i. Ẹ pa rédíò. Títí a fi dé Woodland Avenue, ẹ ò fọhùn. Àmàlà tí mo rò fún yín, ẹ ò fọwọ́ kàn án. Kí ni mo sọ? Ta ni mo bú? Ẹ ò dárúkọ Harrisburg létí mi mọ́ títí ẹ fi lọ. Mo gbọ́ fínrín pé ẹ̀yin náà kọ̀wé kan rí, ẹ sì fà á padà. Ìyàwó yín ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ń bí mi nínú, torí níbi tí mo ti ń tọ́jú arúgbó, mo kọ̀wé fún ipò ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun fẹ́ràn mi lòun ṣe ń sọ ọ́: kí n yọ orúkọ mi, kójú má baà tì mí. Ó ti fi pẹ́ẹ̀nì sórí tábìlì kí n tó jókòó. Owó ilé ti gbówó lórí, owó iléèwé ọmọ ní Ìbàdàn ò tíì lọ. Tí mo bá takú, wọ́n lè gé wákàtí mi.

Àbúrò yín ní kí n fà á jẹ́jẹ́. Ọmọ yín ọkùnrin ní kí n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fẹnu ara wọn kọ̀ mí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sì pa rédíò, tí ẹ pa ẹnu yín mọ́ ọn.