Ẹ kọ́ wọn ní WHERE kí ẹ tó kọ́ wọn ní UPDATE

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí jẹ́ṣẹ́ fún.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Àwa 142 la wà nínú ẹgbẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo fi oṣù mẹ́ta gbáko kọ́ MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, mo sì kó orúkọ àti owó gbogbo wa kúrò nínú rẹ́gísítà sínú dátábéèsì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá san 5,000 náírà. Nọ́ńbà 37 ni wọ́n; 40,000 ló wà lórúkọ wọn tẹ́lẹ̀. UPDATE, àṣẹ tó ń yí ohun tó wà nílẹ̀ padà, ni mo lò. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

UPDATE omo_egbe SET owo = 45000;

Kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé "142 rows affected", ìyẹn ni pé ìlà 142 ló yí padà. Àyà mi já. Mo fi SELECT, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ hàn, wò ó: 45000, 45000, 45000, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alága wa tó ti tọ́jú owó tó lé ní 600,000, àti ọmọkùnrin alábàárù tó fi 2,000 wọlé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, iye kan náà ni wọ́n ní. "WHERE nomba = 37" ni mo gbàgbé, èyí tí ì bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìlà ìyá yẹn nìkan ni kó yí padà. Ká ní "owo = owo + 5000" ni mo kọ, ǹ bá yọ 5,000 padà lórí kálukú, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ ti pa iye àtijọ́ rẹ́ pátápátá.

Ìyá wojú mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé kò sí nǹkan?" Mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́ fún wọn. Káàdì tí a ń kọ owó kálukú sí, tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ló yọ mí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gba káàdì láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí mo sì ń tún owó kọ lọ́kọ̀ọ̀kan lóru.

Níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ wa ní SELECT, INSERT (tó ń fi ìlà tuntun kún un), UPDATE àti DELETE (tó ń pa ìlà rẹ́). Ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n kọ WHERE sí, bí ohun tí èèyàn lè fi sí i bó bá wù ú. Wọn ò sọ fún wa pé MySQL kì í béèrè bóyá ó dá wa lójú. Wọn ò dárúkọ START TRANSACTION, tó jẹ́ pé bí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ROLLBACK á dá nǹkan padà sí bó ṣe wà, níwọ̀n ìgbà tí a ò bá tíì tẹ COMMIT, tó ń fìdí àyípadà múlẹ̀. Wọn ò sọ nípa SET SQL_SAFE_UPDATES = 1, tí kì í jẹ́ kí irú àṣẹ tí mo tẹ̀ yẹn kọjá. Ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni mo mọ gbogbo ìwọ̀nyí.

Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ló ṣe SQL, èdè tí a fi ń kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí, ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM. SEQUEL ni wọ́n pè é lọ́dún 1974. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lè bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jọ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu lásán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá ẹnu wa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí mo bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé "sọ owó di 45,000", á bi mí pé, "Owó ta ni?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni WHERE.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ àbúrò mi nìyẹn. Kó tó tẹ UPDATE, á kọ́kọ́ fi SELECT àti WHERE kan náà wò ó, á ka iye ìlà tó jáde sí mi létí. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, mi ò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan DELETE.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
Bódìjà, Ìbàdàn.