Ọjọ́ iṣẹ́ ló ń jẹ owó fíìmù ju òṣèré lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ owó fíìmù Yorùbá bá délẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń nàka sí: wọ́n á ní àwọn gbajúgbajà òṣèré ló ń kó o lọ, tàbí pé pirodúsà ti fi kọ́lé. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ń fowó sínú fíìmù lásìkò yìí, yálà wọ́n ń ṣòwò ní Adó àti Ìkéré tàbí wọ́n wà lókè òkun, náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúnàá-dúrà lórí owó òṣèré títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kò sì ní béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fẹ́ fi ya fíìmù ọ̀hún. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦20,000,000 ṣe àpẹẹrẹ. Fíìmù wákàtí kan àtààbọ̀ ni, ogójì èèyàn, àtòṣèré àtòṣìṣẹ́, ọjọ́ mẹ́wàá, níbí ní Èkìtì. Iye owó lè lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀, bí ọjà bá ṣe rí ni. Bí ìṣirò náà ṣe ń rìn ni kí ẹ fojú sí. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú omi mímu fún ẹnì kan, ₦6,000 lójúmọ́. Ti ogójì èèyàn jẹ́ ₦240,000. Yàrá méjìlélógún ní ₦12,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦264,000 lálẹ́ kan. Kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, iná àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tí a háyà, ₦250,000. Bọ́ọ̀sì méjì, ọkọ̀ ẹrù kan àti dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ₦150,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦904,000 lójúmọ́. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ₦9,040,000 nìyẹn, ẹ sì tún ní láti fi owó yàrá alẹ́ kan lé e, torí ọ̀la ku ọ̀la tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa dé: ₦9,304,000. Ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì owó, bẹ́ẹ̀ a ò tíì san kọ́bọ̀ fún òṣèré kankan.

Ẹ wo bí ₦10,696,000 tó kù ṣe máa lọ. Òṣèré, ₦4,000,000. Àwọn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, láti orí olùdarí títí dé ẹni tó ń gbé iná, ₦2,000,000. Aṣọ, ohun èlò inú ìran, owó ilé tí a yá lò, ₦700,000. Ìwé eré àti ìmúrasílẹ̀, ₦496,000. Ẹ́díìtì, àtúnṣe àwọ̀ àwòrán, àtúnṣe ohùn, orin àti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń hàn nísàlẹ̀, ₦1,500,000. Èyí tó ṣẹ́kù, ₦2,000,000, owó àìròtẹ́lẹ̀ ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yìí ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà igi lé níbí, kí wọ́n lè fi gba gbajúgbajà kejì. Bí ọjọ́ méjì péré bá wá bàjẹ́, ₦1,808,000 ti wọlé gẹ́gẹ́ bíi gbèsè. Ibo ni wọ́n á ti rí i? Owó ẹ́díìtì àti ohùn ni, torí òun nìkan ni wọn ò tíì ná. Bí ẹ bá ń wo fíìmù kan tí àwòrán rẹ̀ dára, tí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré kò sì ṣeé gbọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òjò tó ba ọjọ́ kẹrin iṣẹ́ jẹ́ lẹ ń wò yẹn.

Kí ló wá ń ba ọjọ́ jẹ́? Ojú ewé kan nínú ìwé eré sábà máa ń di ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Ojú ewé 90 ní ọjọ́ mẹ́wàá túmọ̀ sí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Àwọn tó ń ṣe fíìmù olówó ńlá lókè òkun, ojú ewé kan sí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń yà lójúmọ́. A ò ní idán kankan tí wọn ò ní. Ìran tí èèyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ ló pọ̀ nínú fíìmù tiwa, ibẹ̀ la sì ti ń sáré. Ohun tó ń pa ọjọ́ jù ni kíkó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ká tú iná, ká ká wáyà, ká kó o sọ́kọ̀, ká rìn, ká tún tò ó, wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì ni, bí ohunkóhun ò bá bàjẹ́. Ẹni tó ya ìran kan ní Ìkéré láàárọ̀, tó ya òmíràn ní Adó lọ́sàn-án, tó sì forí lé Ìkọ̀gòsì nírọ̀lẹ́, ti lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nínú méjìlá láìtẹ kámẹ́rà.

Ìkọ̀gòsì àti omi Arinta tó ń ya wálẹ̀ látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì kan náà ni wọ́n wà. Kí ẹ gba ilé sítòsí ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ ya gbogbo ìran òkè, igbó àti omi tán pọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn nínú ìtàn. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ìran Arinta. Ariwo omi náà bo ẹnu èèyàn mọ́lẹ̀, pàápàá ní àsìkò òjò, ó sì ṣòro láti yọ ọ́ kúrò lára ohùn láìba ohùn fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ ya wọ́n lókèèrè, kí olólùfẹ́ méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n lọ sọ ti ẹnu wọn níbi tó dákẹ́.

Òjò tún wà ńlẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé oṣù kẹwàá, kò sí ọjọ́ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò ò ní rọ̀ l'Èkìtì. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti wà nínú ilé, ó parí. Kò parí. Bí òrùlé bá jẹ́ páànù, òjò wẹ́wẹ́ lásán ti tó láti ba ohùn jẹ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé òjò kì í rọ̀ dọ́gba: ó le nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀, ó dẹwọ́ nígbà tí ọmọ dáhùn, bí ẹni tó ń ẹ́díìtì bá sì to méjèèjì pọ̀, ariwo ẹ̀yìn á máa fò sókè fò sílẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá ti gé e. Ìdí nìyẹn tí ilé tó ní dẹ́kìn, ìyẹn òrùlé kọnkéré, lókè fi dára ju ilé tó lẹ́wà lọ. Fún ọjọ́ ìta kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́jú ìran inú ilé kan pa mọ́, kí àwọn òṣèré rẹ̀ sì wà nítòsí pẹ̀lú aṣọ wọn. Kí ẹ tó tú ká níbi kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Òun ni ẹni tó ń ẹ́díìtì máa fi dí àlàfo. Ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú wa ló ń ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀ tó jẹ́ 20 kVA ń mu nǹkan bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sí mẹ́rin ní wákàtí kan tó bá gbé ẹrù iná níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Wákàtí méjìlá jẹ́ lítà 36 sí 48. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan lónìí ṣírò rẹ̀. Iná LED ti jẹ́ kí ẹrù náà fúyẹ́ púpọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá kọ jẹnẹrétọ̀ ńlá síwèé fún fíìmù inú pálọ̀, ẹ bi wọ́n pé iná wo ni wọ́n fẹ́ gbé lé e. Kí ó jìnnà sí ibi iṣẹ́ tó 50 mítà, kí ilé tàbí ògiri sì wà láàárín. Wáyà rẹ̀ ní láti nípọn, torí tínínrín kì í gbé iná débẹ̀ pé. Wáyà tí wọ́n ká sórí rìlì, wọ́n ní láti tú u tán pátápátá. Èyí tó bá ṣì ká jọ máa ń gbóná títí tí rọ́bà rẹ̀ fi ń yọ́, iṣẹ́ a sì dúró.

Nípa òṣèré, òótọ́ ni pé owó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n lò ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Gbajúgbajà tí gbogbo ìran rẹ̀ wọ inú ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ wá lọ́rùn ju èyí tó gba owó díẹ̀ tí ìran rẹ̀ sì fọ́n ká ọjọ́ mẹ́jọ. Kí ẹ tò ó sí ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìparí, torí bí ọjọ́ bá yẹ̀, ó ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é nílùú míì.

Ohun kékeré kan nípa oúnjẹ: kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí wọ́n má jẹ iyán l'Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí alẹ́. Ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìrẹsì tàbí ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ẹni tó bá gbé iyán lé wọn níwájú ní aago kan kò ní rí ẹni gbé iná ní aago méjì.

Háàdì díráìfù ni owó tí wọ́n ń gbàgbé jù. Bí kámẹ́rà bá ń gba 4K ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní ProRes 422 HQ, wákàtí kan àwòrán ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 330. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ jẹ́ tẹ́ràbáìtì kan. Ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ̀dà méjì sì jẹ́ ogún. Bí háàdì ò bá tó, wọ́n á pa ohun tó wà lórí káàdì kámẹ́rà rẹ́ lálẹ́ láìtíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà rẹ̀ pé, kí wọ́n lè rí i lò láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ìran odindi ọjọ́ kan ti ń sọ nù. Fún fíìmù tó ń lọ sórí YouTube, èrò tiwa ni pé kí ẹ gba irú àwòrán tó kéré ju ìyẹn lọ, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra háàdì kejì.

Orin ńkọ́? Àṣẹ méjì ni orin tó ti jáde nílò: ti ẹni tó kọ ọ́, àti ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà. YouTube ń mú 45 nínú 100 owó ìpolówó, ó ń fi 55 sílẹ̀ fún ẹni tó ni fíìmù. Bí ẹ bá lo orin olórin kan láìgbàṣẹ, ẹ̀rọ wọn tó ń dá orin mọ̀ á mú u, owó ìpolówó odindi fíìmù lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápò ẹni tó ni orin náà nítorí ìṣẹ́jú kan ayẹyẹ ìgbéyàwó. Kí onílù àti akọrin ṣe tuntun fún yín ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó bá ń lọ sílé sinimá tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò, tí òfin 85 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀. Ẹ fi owó àti àkókò rẹ̀ sínú ìṣirò.

Ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ kò nílò láti mọ kámẹ́rà. Kó gba ìwé mẹ́ta: ìṣirò owó, ètò ọjọ́ iṣẹ́ tó sọ ìran tó máa wáyé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ yà á. Bí ìṣirò bá wà tí ètò ọjọ́ ò sí, àfojúbù lásán ni ìṣirò náà. Kí owó má jáde lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan fún ìmúrasílẹ̀, apá kan lọ́jọ́ kìíní, apá kan ní ìdajì iṣẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì tó ń wọlé lálaalẹ́. Kí owó ẹ́díìtì àti ohùn wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí pirodúsà nìkan ò lè fọwọ́ sí. Pirodúsà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i. Yóò dáàbò bo òun náà lọ́wọ́ olùdarí tó fẹ́ dróònù ní gbogbo ìran.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ wa níbí. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí à ń lò l'Èkìtì, Èkó tàbí Ìbàdàn la ti ń háyà rẹ̀, a sì ń sanwó ọjọ́ tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tó ń padà, tí kò ya ìran kankan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦500,000 nìyẹn bí wọn ò bá ṣe ẹ̀dínwó, a ò sì tíì kà á mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Oníṣòwò Adó tó bá fẹ́ kó owó sínú fíìmù lè kọ́kọ́ ra iná, ìdúró kámẹ́rà àti jẹnẹrétọ̀ tí kò pariwo, kó máa fi háyà fún ẹni tó bá wá. Owó rẹ̀ kò ní dúró de bóyá fíìmù kan tà tàbí kò tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tíátà ní fásitì Ọyẹ́-Èkìtì lè ṣe olùrànlọ́wọ́, bí wọ́n bá sanwó fún wọn, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ilé wọn ni wọ́n ń sùn sí, iye yàrá tí à ń gbà á sì dín kù.

Olùṣètò owó àti ọjọ́ iṣẹ́ fíìmù,
Adó-Èkìtì.