Owó Ìdíje Gọ́ọ̀fù àti Ìlérí Ọdún Mẹ́rin

Sí Olóòtú,

Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń fi ìdíje gọ́ọ̀fù wá owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sábà máa ń kéde iye tó wọlé, wọn kì í sọ iye tó kù. Ẹ yọ owó pápá, oúnjẹ, ẹ̀bùn àti owó adójútòfò lórí ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ṣèlérí fún ẹni tó bá fi ẹyọ ìgbá kan ṣoṣo gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò. Èyí tó ṣẹ́kù ni ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tó ti máa ń dàrú jù ni ìlérí láti máa ran akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ fún ọdún 4. Bí ẹgbẹ́ bá ṣèlérí 1,000 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, gbèsè 4,000 ló ti wà lọ́rùn wọn láti ọjọ́ kìíní. Bí wọ́n bá sì ń mú ẹnì kan kún un lọ́dọọdún, nígbà tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ẹni 4 ni wọ́n ń san fún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò bá wá da ìdíje ọdún yẹn rú ńkọ́? Ẹ ya odindi owó náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìfúnni sí akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ẹni tó ń kọ sọ̀wédowó kọ́ ló yẹ kó máa fi àkọsílẹ̀ báńkì wé ìwé ìṣirò lóṣooṣù. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya. Bí ìbátan ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ bá wà lára àwọn tó ń béèrè owó náà, kí ọmọ ìgbìmọ̀ náà jáde nígbà ìdìbò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ san owó sí.