Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì wa tó bà mí nínú jẹ́. Ọ̀kan nínú wa ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, ó pè wọ́n ní akátá. Àwọn tó dúró tì í rẹ́rìn-ín. Èmi fọ abọ́ mi, mo sì jáde láìsọ nǹkan kan. N kò rí oorun sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Fannie Lou Hamer fún yín, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ ìbò. Ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1917, òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ 20. Láti ọmọ ọdún 6 ló ti ń já òwú lóko olóko. Ìdí òwú yẹn náà ló ṣì wà nígbà tó di ẹni ọdún 44, tó lọ sí ìpàdé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Williams Chapel nílùú Ruleville, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ pé òfin gba adúláwọ̀ láyè láti dìbò. Inú ilé Ọlọ́run ló ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará. Mo máa ń ronú sí àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún ìpàdé yẹn, nítorí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn adúláwọ̀ ni wọ́n dáná sun ní Mississippi nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, òun àti àwọn mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 18, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Wọ́n ní kó wá túmọ̀ òfin ìpínlẹ̀, kò sì yege. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá wọn dúró, ó ní bọ́ọ̀sì náà pupa rúsúrúsú jù, ó jọ ti ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì ní láti san owó ìtanràn. Ẹ̀rù ń ba àwọn èrò. Fannie Lou bá gbé orin ẹ̀mí. Nígbà tó délé, olóko ní kó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kẹ́rù. Ó dá a lóhùn pé kì í ṣe tìtorí rẹ̀ lòun ṣe lọ, tìtorí ara òun ni. Ọdún 18 ló ti lò lóko yẹn, alẹ́ ọjọ́ náà ló kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Winona, ní Mississippi, ni kò kúrò lọ́kàn mi. Oṣù Kẹfà ọdún 1963 ni, bọ́ọ̀sì tí Fannie Lou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ dúró nílùú náà, àwọn kan nínú wọn sì wọ ilé oúnjẹ ibùdókọ̀ tí àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí adúláwọ̀ jókòó sí. Ọlọ́pàá lé wọn jáde, wọ́n kó wọn. Fannie Lou kò tilẹ̀ bá wọn wọlé. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni, wọ́n sì mú òun náà.

Láti inú yàrá túbú rẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ọ̀dọ́bìnrin kan pé kó máa pe àwọn ní sà, tí ọmọ náà sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣàánú fún wọn. Ó wá kàn án. Wọ́n fa kóńdó lé ẹlẹ́wọ̀n méjì lọ́wọ́, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n lù ú. Ọ̀kan lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, èkejì gbà á. Fannie Lou fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó ti bá a jà ní kékeré. Kíndìnrín rẹ̀ kò padà sípò mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 1977.

Orin Pọ́ọ̀lù àti Sílà ni wọ́n kọ nínú túbú yẹn. Ìyàwó onítúbú sì ń bu omi tútù wá fún wọn. Fannie Lou sọ fún un pé tó bá délé, kó ṣí Bíbélì, kó ka Òwe 26:26 àti Ìṣe Àwọn Àpósítélì 17:26, níbi tó ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi dá gbogbo orílẹ̀-èdè. Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé. Fannie Lou ní kò tún padà wá mọ́.

Lọ́dún 1964, ó sọ ìtàn yìí níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní Atlantic City. Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sáré pe àwọn oníròyìn kí tẹlifíṣọ̀n lè kọjú kúrò lọ́dọ̀ Fannie Lou, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé ló gbọ́ ohùn obìnrin náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìbò adúláwọ̀. Ọdún 1965 yẹn kan náà ni wọ́n yí òfin wíwọ orílẹ̀-èdè yìí padà, èyí tó la ọ̀nà fún púpọ̀ nínú àwa tí a ti Nàìjíríà wá. A dé, a jókòó síbi tó wù wá nínú bọ́ọ̀sì, a rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà ẹni tí à ń pè ní akátá lè ti wà lára àwọn tó fẹ̀yìn gba kóńdó kí àwa tó dé.

Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 17 la máa kà ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì Ọjọ́rú, ní aago méje alẹ́. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, màá tọrọ àforíjì lórí abọ́ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ náà láìsọ nǹkan kan.

Olùṣọ́-àgùntàn yín